Igun Tó Ṣófo ní Pálọ̀: Ta Ni Kò Ní Àyè Nínú Ilé?

Ní ọ̀pọ̀ ilé oníyàrá mẹ́ta tó wà ní Mowé àti Ìbàfò, àyè kan wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná tí onílé kì í mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà kọ "dáínìn" sí i lórí ìwé. Nígbà tí ilé parí tí wọ́n kó wọlé, àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Fáànù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ ọmọdé náà dé, àga oníke tí wọ́n tò léra wọn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Oúnjẹ ńkọ́? Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni tọmọdé tàgbà ti ń jẹ ẹ́, kálukú gbé abọ́ lé itan.

Tí owó díẹ̀ bá wá wọlé, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya tẹ̀ lé e. Àbúrò ìyàwó ní kí wọ́n ra tábìlì onígíláàsì. Ọ̀rẹ́ baálé ní kọ́bọ́ọ̀dù gíga tí wọ́n ń to ife sí ló yẹ ibẹ̀. Ẹnìkan tó ti rí pálọ̀ olówó lórí Instagram ní òdòdó ńlá kan àti iná aláwọ̀ wúrà ti tó. Gbogbo wọn ń wá ohun tí wọn yóò gbé síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè pé ta nínú ilé yìí ni kò ní ibi tó lè fi ara rẹ̀ sí.

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Tí ẹnìkan bá wà tí kò ní àyè, àga, tábìlì tàbí pẹpẹ tí onítọ̀hún nílò ni kó lọ sí igun náà. Tí kò bá sí, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fi owó náà tún páànù tó ń jò ṣe.

Igun bẹ́ẹ̀ kò ṣàdédé wà. Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá kò ju ibi ìsùn àti ibi ìkẹ́rùsí lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ayé ti ń lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rànwú, níbẹ̀ ni àgbà ti ń parí ìjà tí ọmọdé sì ti ń gbọ́ àlọ́. Ẹní àti àpótí ló pọ̀ jù nínú ohun ìjókòó, méjèèjì ló sì ṣeé gbé. Bí òòrùn bá yà sí ọ̀tún, wọ́n á gbé e lọ sí òsì. Àmù omi ló dúró sójú kan, ìyẹn náà sì nídìí. Omi máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ sí ara ìkòkò amọ̀ lóde, bí atẹ́gùn sì ti ń gbẹ ọ̀rinrin yẹn ni omi inú rẹ̀ ń tutù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé àmù sí kọ̀rọ̀ tí òòrùn kì í dé. Kọ̀rọ̀ ṣókùnkùn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí gan-an ló bá àmù mu jù.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ wálé mú irú ilé mìíràn wọ Èkó: kọ́rídọ̀ la àárín ilé já, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, pálọ̀ sì kọjú sí ìta. Ilojo Bar ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, wà lára àwọn tó lórúkọ jù kí wọ́n tó wó o ní 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Irú ilé náà rìn jìnnà kúrò ní Èkó. Ìfọ̀, tí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901 gba ibẹ̀ kọjá, ṣì ní àwọn ilé oníkọ́rídọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìgboro. Pálọ̀ inú wọn kò ju yàrá kan lásán lọ, kò sì sẹ́ni tó bá wọn ya dáínìn sọ́tọ̀. Tí igun kan bá ń yọ onílé lẹ́nu níbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni.

Mowé àti Ìbàfò kò rí bẹ́ẹ̀. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ló sọ àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà di ibi tí òṣìṣẹ́ Èkó lè ra ilẹ̀ sí, nígbà tí ilé ní Èkó sì ń gbówó lórí, àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í wá di lánlọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ẹni tó ra àbọ̀ púlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60, kì í sábà ní owó tí yóò fi pe ayàwòrán kó jókòó bi í léèrè bí ìdílé rẹ̀ ṣe ń gbé. Àwòrán tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú dáínìn inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá kó wọlé, àwọn ọmọ tí àwòrán náà kà mọ́ ọmọ ọwọ́ ti ń múra ìdánwò WAEC.

Àmọ́ ohun tó ya pálọ̀ sí ibi tó wúlò àti ibi tó kú ju dáínìn lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba gba àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji ní 1975, ọ̀pọ̀ pálọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo àga ti kọjú síbì kan. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ jìn lẹ́yìn, igun ló sì bá a mu jù, nítorí ìdí rẹ̀ tó yọ gọngọ máa ń wọ inú igun náà lọ. Nígbà tí pẹlẹbẹ dé, wọ́n gbé e kọ́ ògiri, igun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba tẹlifíṣọ̀n sì ṣófo. Igun kejì tún wà, èyí tí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní lè rí àwòrán dáadáa. Ìyẹn náà kú. Kò sí ohun tó ṣe àwọn igun wọ̀nyí ju pé wọn kò rí tẹlifíṣọ̀n.

Àbùkù yẹn ni ọmọ tó ń kàwé ń wá. Ọmọ tó ń múra JAMB nínú ilé tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé sábà máa ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, tàbí kó dúró títí tí gbogbo ilé yóò fi sùn. Tábìlì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, tó gùn ní 4, tó sì ga tó ínṣì 30, tó fún un. Ṣẹ́lífù kan wà lókè rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà nítòsí fún fóònù àti iná, àga rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ará ilé, ìyá rẹ̀ rí i láti ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá kò sí lójú rẹ̀. Christopher Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tó jọ èyí nínú ìwé A Pattern Language, tó jáde ní 1977: ó yẹ kí yàrá tí ìdílé ń péjọ sí ní àwọn àyè kéékèèké létí rẹ̀, kí ẹnì kan lè máa ṣe tirẹ̀ láìkúrò láàárín àwọn yòókù.

Ìyá àgbà ni ẹni kejì tí àga pálọ̀ kì í rò tì. Àga onítìmùtìmù ìgbàlódé jìn, ó sì rẹlẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn jókòó sínú rẹ̀ tán, ó di kí ènìyàn méjì fà á dìde. Àga onígi tó ga tó ínṣì 18 tàbí kó lé díẹ̀, tó ní apá tí ọwọ́ lè tẹ̀ kí ara tó gbéra, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ni ó yẹ wọ́n. Tábìlì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ife omi, oògùn, gíláàsì ojú àti Bíbélì tàbí Kùránì. Kí igun ìyá wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dé, kí ọ̀nà ilé ìwẹ̀ má jìn sí i, kí rọ́ọ̀gì tó lè kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ má sì sí lójú ọ̀nà. Owó àga bẹ́ẹ̀ kò tó owó tábìlì onígíláàsì rárá.

Ẹni kẹta ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Mowé lọ sí Ìkẹjà tàbí Erékùṣù Èkó mọ̀ pé tí òun bá pẹ́ díẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti gba ọ̀nà. Ó ń wá bàtà nínú òkùnkùn, ó ń wá kọ́kọ́rọ́, ó ń wá káàdì iṣẹ́, gbogbo ilé sì ti jí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò ni ojútùú rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tóóró, ínṣì 15 ní fífẹ̀, tí bàtà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkọ́ mẹ́rin lára ògiri fún báàgì àti agbòjò. Pẹpẹ kékeré fún kọ́kọ́rọ́ àti tọ́ọ̀ṣì. Káfíńtà lè kan gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kí wọ́n kàn rí i pé ilẹ̀kùn, tó sábà máa ń fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, lè ṣí tán láìgbá bẹ́ǹṣì náà.

Ẹni kẹrin kì í gbé inú ilé, àmọ́ ó ń wá lóṣooṣù. Láti 1983 ni ìjọ Ìràpadà ti gba ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Redemption City lónìí, lẹ́bàá Mowé. Ìsìn Holy Ghost ń wáyé níbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, àpéjọ ńlá sì ń wáyé nínú oṣù Ògún àti oṣù Ọ̀pẹ̀. Lápá Ìbàfò, Prayer City ti ìjọ MFM náà ń fa èrò. Ilé tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Òṣogbo tàbí àbúrò ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, ìsàlẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ẹní fún wọn sí. Igun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, tó sì fẹ̀ tó 2 àbọ̀, gba bẹ́ẹ̀dì ọmọ ilé ìwé gẹ́lẹ́. Tí káfíńtà bá kan àpótí gígùn ní ìwọ̀n yẹn, tí wọ́n gbé fóòmù ínṣì 4 lé e, ìjókòó ni lọ́sàn-án, ibùsùn ni lóru, aṣọ ìbora àti ìrọ̀rí sì wà nínú rẹ̀ lábẹ́.

Ní Ìfọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló sábà máa ń béèrè àyè. Pálọ̀ tó kọjú sí òpópónà lè di ibi ìránṣọ tàbí ibi tí wọ́n ti ń di orí. Ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń fi àwọ̀ òwú hàn bó ṣe rí. Tábìlì tí wọ́n fi ìdè mọ́ ògiri, tó ṣeé gbé dìde fún gígé aṣọ, tó sì ṣeé ká sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, yóò jẹ́ kí ilé padà di ilé lálẹ́.

Ohun kan tún wà tó ń gba igun lọ́wọ́ ènìyàn lónìí: inverter àti bátìrì rẹ̀. Bí iná ìjọba ṣe rí, kò sẹ́ni tó lè dá ẹni tó rà á lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi, irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí, ń tú afẹ́fẹ́ hydrogen jáde nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn sì lè gbiná. Onílé tó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù dídé sí i kí àlejò má bàa rí i ti sé afẹ́fẹ́ náà mọ́lé. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà, tí ọwọ́ ọmọdé kò dé, tó sì jìnnà sí ibi ìsùn, ló yẹ ẹ́. Bátìrì lithium kì í tú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun náà kò fẹ́ ooru. Tí kò bá síbòmíràn tí wọ́n lè gbé e sí ju pálọ̀ lọ, kí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ onígi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àlàfo.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ẹni tó ni igun, téèpù ló kàn. Ibí ni ọ̀pọ̀ owó ń gbà ṣòfò. Tábìlì ènìyàn mẹ́fà sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ó sì ń fẹ̀ tó 3. Ẹni tó jókòó nílò nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 lẹ́yìn rẹ̀ kó tó lè fa àga sẹ́yìn kí ẹlòmíràn sì rí ọ̀nà kọjá. Tí wọ́n bá fi èyí kún ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tábìlì náà ń béèrè àyè tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 sí 9. Dáínìn tó jẹ́ 10 sí 8 kò gbà á, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n á rà á tán, àga apá kan á lẹ̀ mọ́ ògiri títí ayé, ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹni tó bá fẹ́ tábìlì oúnjẹ dandan lè ra èyí tó kéré, kó ti ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ògiri, kó sì fi bẹ́ǹṣì rọ́pò àga lápá kan.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dán an wò kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ ìwé náà láàárọ̀ lálẹ́, ojú ọ̀nà ni ibẹ̀, kò yẹ kí ohunkóhun dúró síbẹ̀. Kí wọ́n wo ibi tí òòrùn ìrọ̀lẹ́ ń dé. Kí wọ́n wo ibi tí òjò ń fẹ́ wọlé sí lójú fèrèsé alumíníọ̀mù. Kí wọ́n wo ibi tí ọmọ ọdún méjì ń sá kọjá.

Ọ̀rọ̀ igi náà ṣe pàtàkì. Àwọn apá ibì kan ní Ìbàfò àti Mowé wà nísàlẹ̀, omi ń rọ́ síbẹ̀ lásìkò òjò, ọ̀rinrin sì ń gun ògiri wá láti ilẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù dídán tó dé láti òkèèrè sábà máa ń jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Bí omi bá kàn án nísàlẹ̀, yóò wú, yóò fẹ́, kò sì sí káfíńtà tó lè mú un padà sí bó ṣe wà. Ìrókò, apá àti ọ̀gànwó ń pẹ́, owó wọn sì ga. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti kàn, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju káfíńtà lọ. Gmelina, tí wọ́n gbìn lọ́pọ̀ sí igbó ọba Ọmọ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú, wà ní àárín, tí wọ́n bá jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Pákó tútù tí wọ́n kàn lásìkò òjò yóò sún kì nígbà ọyẹ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò sì ní dé mọ́. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, kí wọ́n fi oògùn ikán kùn ún, kó ní ẹsẹ̀ tó gbé e kúrò nílẹ̀, kó sì jìnnà sí ògiri ní ínṣì méjì kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Káfíńtà àdúgbò ni igun bẹ́ẹ̀ yẹ kó lọ bá. Ọjà tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ kò mọ̀ pé ògiri onílé yìí wọ́, pé òpó kan yọ jáde ní ínṣì 9, pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbi tí kò yẹ. Káfíńtà tó bá wá wọn ibẹ̀ yóò rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ ìṣirò díẹ̀ lè bá a dúnàádúrà dáadáa. Pláíwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Tí wọ́n bá là á sí mẹ́rin ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, èyí tó tó fún ìwé. Méjì nínú rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́lífù tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Méjì tó kù ń fúnni ní pẹpẹ mẹ́fà tó gùn tó nǹkan bí ínṣì 31. Pláíwúùdù kan ṣoṣo ti di ibi ìkówèésí gbogbo ilé, àjákù méjì sì tún ṣẹ́ kù fún pẹpẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ohun gíga gbọ́dọ̀ di mọ́ ògiri. Ní 2016, ilé iṣẹ́ IKEA pe nǹkan bí mílíọ̀nù 29 kọ́bọ́ọ̀dù oníduroọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n lè ṣubú tí wọn kò bá di mọ́ ògiri, àwọn ọmọdé sì ti kú lábẹ́ wọn. Ọmọ Mowé náà ń fa duroọ̀ síta, ó ń fi í gun òkè bí àtẹ̀gùn. Irin igun méjì àti skúrù mẹ́rin tó wọ inú búlọ́ọ̀kù dáadáa ló ń dènà èyí, kò sì yẹ kí onílé san owó káfíńtà tó kù kó tó rí wọn lójú ara rẹ̀.

Ní ilé tí kò sẹ́ni tó ń wá àyè, ògiri lásán lè gba ọ̀ṣọ́ láìgba ilẹ̀. Láti Ìfọ̀, Abẹ́òkúta kò jìnnà, ọjà àdìrẹ sì wà ní Ìtòkú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ ya, tí wọ́n sì fi ẹ̀lú pa láró, yẹ kí wọ́n nà án sínú férémù, kó wà lára ògiri tí òòrùn kì í tàn sí tààrà, nítorí òòrùn ń jẹ aró. Ẹni tó fẹ́ ohun tó tutù lójú lè fi ọjá ìkòokò sínú ìkòkò amọ̀. Ewé gígùn tí àwọn olódòdó ẹ̀bá ọ̀nà ń tà fún ọ̀ṣọ́ ilé yìí jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ó fara da òkùnkùn, omi púpọ̀ ló sì ń pa á. Kí ọmọdé má kàn jẹ ẹ́, nítorí ó ń da inú rú.

Àwọn kan yóò ní pálọ̀ kì í ṣe ti ará ilé nìkan. Àlejò ń wọlé, àna ń bọ̀, ojú ẹni sì wà nínú bí pálọ̀ ẹni ṣe rí. Òótọ́ ni. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ilé kò ṣẹ̀ bó bá fẹ́ kí ènìyàn wọlé kó ní "ẹ kú ilé". Àmọ́ kí wọ́n wo ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nígbà tí ẹbí méjì pàdé nínú pálọ̀ kan náà. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọlọjọ, àyà kanlẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún tó sùn gbalaja fẹ́ ilẹ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, tó sì fẹ̀ tó 10. Nínú pálọ̀ tí tábìlì onígíláàsì àti kọ́bọ́ọ̀dù ife ti gba gbogbo rẹ̀, ìta ni wọ́n máa ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà lọ, tàbí kí wọ́n máa gbé séńtà tébù sá kiri lójú àna. Ilẹ̀ gbalasa tí onílé fojú burúkú wò lọ́jọ́ mìíràn ni àpọ́nlé ọjọ́ yẹn.

Àwọn ará Japan mọ ìwúlò irú àyè bẹ́ẹ̀. Ilé àtijọ́ wọn ní igun kan nínú yàrá àlejò tí wọ́n ń pè ní tokonoma. Àwòrán kan tó rọ̀ sára ògiri àti òdòdó kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn bí ìgbà bá ti ń yí padà. Kò sí ẹni tó ń kó ẹrù síbẹ̀. Kò dìgbà tí ará Ìbàfò bá fara wé wọn kó tó lè fi igun kan sílẹ̀ láìtijú.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí ilé wọn ṣì wà ní ìpele búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì pọ̀ láti Ìbàfò dé ọ̀nà Ọ̀fàdà. Wọ́n ṣì lè sọ fún ayàwòrán pé kó yọ dáínìn kúrò, kó fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀nyẹn kún yàrá tí ìyá àgbà yóò máa sùn, tàbí kó fi fèrèsé kan sí ibi tí ọmọ yóò ti máa kàwé. Wọ́n lè ní kí ilẹ̀kùn àbáwọlé ṣí sí apá kejì kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba bẹ́ǹṣì bàtà. Kí wọ́n sì pe oníṣẹ́ iná kó tó tẹ́ páìpù wáyà sínú ògiri, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọ tó ń kàwé, ti ẹ̀rọ ìránṣọ àti ti inverter yóò wà. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán tí wọ́n sì ti kùn ún, bíríkìlà àti akunlé ni wọn yóò tún san owó fún.